Kẹ́ ẹ tó tẹ 'Share Screen' nínú ìpàdé Zoom: Ohun tí àwọn yòókù ń rí lójú ẹ̀rọ yín

Ẹ jẹ́ ká mú akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan bí àpẹẹrẹ. Ìpàdé oṣù ń lọ lórí Zoom, akápò fẹ́ fi ìṣirò owó han àwọn ọmọ ẹgbẹ́, ó bá tẹ 'Share Screen'. Kó tó ráàyè ṣí ìwé ìṣirò náà, gbogbo ìpàdé ti rí WhatsApp tó ṣí sílẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà rẹ̀, níbi tí òun àti akọ̀wé ti ń sọ̀rọ̀ nípa ẹnì kan tó yáwó tí kò tíì dá a padà. Orúkọ onítọ̀hún wà níbẹ̀. Iye tó jẹ wà níbẹ̀. Onítọ̀hún fúnra rẹ̀ sì jókòó sínú ìpàdé náà, ó ń wò ó.

Akápò yìí ò jalè, kò sì purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni. Bọ́tìnnì kan ló tẹ kó tó palẹ̀ ojú ẹ̀rọ rẹ̀ mọ́. Àmọ́ àṣírí ẹlòmíì ti tú lójú ọ̀pọ̀ èèyàn, ìyẹn ò sì ṣeé kó padà sínú àpò mọ́.

Irú nǹkan báyìí ò ṣọ̀wọ́n, torí pé ìpàdé orí ẹ̀rọ ti di ara ìgbé ayé wa láti ìgbà tí àrùn Kòrónà ti sé gbogbo ayé mọ́lé. Iléeṣẹ́ Zoom fúnra rẹ̀ sọ pé ní oṣù Kejìlá ọdún 2019, àwọn tó ń wọ ìpàdé lórí áàpù àwọn lóòjọ́ ò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 10 lọ. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹrin ọdún 2020, ó ti di mílíọ̀nù 300. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, ọjọ́ 13 oṣù Karùn-ún ọdún 2020 ni ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ kọ́kọ́ ṣe ìpàdé wọn lórí ẹ̀rọ, Ààrẹ ìgbà náà, Muhammadu Buhari, ló sì darí rẹ̀. Nínú oṣù yẹn kan náà, ilé ẹjọ́ gíga kan nílùú Èkó dájọ́ ikú fún ẹnì kan lórí Zoom. Kòrónà ti kásẹ̀ nílẹ̀, ìpàdé orí ẹ̀rọ ò lọ. Ẹgbẹ́ ọmọ bíbí ìlú tí àwọn kan nínú wọn wà ní London, tí àwọn kan wà ní Houston, Zoom ni wọ́n fi ń pàdé. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ń ṣe ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò fún iṣẹ́, àwọn ilé ìjọsìn, títí dórí ìpàdé ẹbí lórí ọ̀rọ̀ ìsìnkú.

Kí ni ẹ̀rọ ń ṣe gan-an?

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé 'share screen' dà bí ìgbà téèyàn fi ìwé kan ránṣẹ́ sí àwọn ẹlòmíì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ńṣe ni ẹ̀rọ yín ń ya àwòrán ohun tó wà lójú rẹ̀ léraléra, lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tó sì ń fi í ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó wà nínú ìpàdé, gẹ́gẹ́ bí kámẹ́rà tẹlifíṣọ̀n tó ń gbé bọ́ọ̀lù jáde lójú ẹsẹ̀. Kò mọ èyí tó jẹ́ iṣẹ́, kò mọ èyí tó jẹ́ àṣírí. Ohun tó bá ṣáà ti yọjú, á gbé e.

Lórí kọ̀ǹpútà, kí Zoom tó bẹ̀rẹ̀, á kọ́kọ́ bi yín pé kí lẹ fẹ́ káwọn èèyàn rí. Ẹ lè mú gbogbo ojú kọ̀ǹpútà, ìyẹn ibi tí wọ́n kọ 'Screen' tàbí 'Desktop' sí. Ẹ sì lè mú window kan ṣoṣo, bíi ti Word tàbí Excel tẹ́ ẹ ti ṣí sílẹ̀. Google Meet tún ní ẹ̀kẹta, tí í ṣe tab kan péré nínú Chrome. Èyí tó jẹ́ gbogbo ojú kọ̀ǹpútà ni ọwọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń yá sí, torí pé òun ló rọrùn jù, òun náà ló sì ń kó wọn sí wàhálà. Ó dà bí ẹni tí àlejò bá lálejò, tó yẹ kó ṣí pálọ̀ nìkan fún un, àmọ́ tó lọ ṣí ilẹ̀kùn yàrá, ti ilé ìdáná àti ti balùwẹ̀ sílẹ̀ gbayawu.

Bó bá jẹ́ window kan ṣoṣo lẹ mú, tí WhatsApp bá dún tàbí tí ímeèlì bá wọlé, ẹ̀yin nìkan lẹ máa rí i. Àwọn tó wà nínú ìpàdé á kàn máa wo Excel wọn lọ. Ẹ kíyè sí i o, window Chrome kan lè ní tab mẹ́wàá lórí, orúkọ gbogbo wọn ló sì máa hàn lókè. Ìdí nìyẹn tí tab kan péré fi dáa ju window lọ tó bá jẹ́ orí Chrome lẹ ti ń ṣiṣẹ́.

Ọ̀nà yìí ní ìnira tirẹ̀, kó má di pé a ò sọ. Tẹ́ ẹ bá kúrò lórí ìwé àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ ṣí èkejì, àwọn èèyàn ò ní rí èkejì. Ẹ ó máa ṣàlàyé lọ, wọ́n á máa wo ti tẹ́lẹ̀, títí ẹnì kan á fi ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, a ò rí ohun tẹ́ ẹ ń sọ o." Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti máa ń bínú padà sórí gbogbo ojú kọ̀ǹpútà. Kò tọ́ bẹ́ẹ̀. Bọ́tìnnì 'New Share' wà lórí Zoom tẹ́ ẹ lè fi yan ìwé kejì láì dá ohunkóhun dúró, kò sì gbà ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ. Kí ìpàdé dúró de yín díẹ̀ sàn ju kí wọ́n rí ohun tí ò kàn wọ́n.

Àmì kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kì í kà sí. Zoom máa ń fi ìlà àwọ̀ ewé yí ohun tí àwọn èèyàn ń rí ká. Microsoft Teams ń lo ìlà pupa. Ohun tó bá wà nínú ìlà yẹn ni ìpàdé ń wò. Tẹ́ ẹ bá ti rí i pé ìlà náà yí gbogbo ojú kọ̀ǹpútà yín ká, ẹ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ palẹ̀ rẹ̀ mọ́

Ìgbà míì wà tó jẹ́ dandan kẹ́ ẹ ṣí gbogbo ojú kọ̀ǹpútà, bí ìgbà tẹ́ ẹ bá ń kọ́ èèyàn níṣẹ́ tó gba kẹ́ ẹ máa ti inú áàpù kan bọ́ sí òmíì. Nígbà náà, àfi kẹ́ ẹ gbálẹ̀ kí àlejò tó dé.

WhatsApp ló yẹ kó kọ́kọ́ kúrò. Ẹ pa á pátápátá, kì í ṣe pé kẹ́ ẹ kàn fi window míì bò ó mọ́lẹ̀. Ímeèlì náà bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ pa àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ tó máa ń yọjú ní igun kọ̀ǹpútà. Lórí Windows 11, 'Do not disturb' ni wọ́n ń pè é, Windows 10 ń pè é ní 'Focus assist', orí Mac sì ni 'Focus'. Chrome fúnra rẹ̀ ti ń bo ohun tí àwọn ojú òpó ń fi ránṣẹ́ mọ́lẹ̀ nígbà téèyàn bá ń ṣàfihàn ojú ẹ̀rọ, láti ọdún 2021. Àmọ́ ohun tó gba inú Chrome wá nìkan lèyí kàn. WhatsApp tẹ́ ẹ gbé sórí kọ̀ǹpútà bí áàpù ò sí lábẹ́ òfin Chrome.

Orúkọ àwọn fáìlì tó wà lójú kọ̀ǹpútà náà ń sọ̀rọ̀. Fáìlì tí wọ́n kọ 'owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́' sí, tàbí lẹ́tà ìdádúró lẹ́nu iṣẹ́ tí orúkọ òṣìṣẹ́ kan wà lórí rẹ̀, kò dìgbà tẹ́ ẹ bá ṣí i kí ara tó ta ẹni tó rí i. Ẹ kó gbogbo wọn sínú fódà kan.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń di ẹ̀rín fún àwọn kan, tó sì ń di ẹkún fún àwọn míì, ni ibi téèyàn ti ń kọ orúkọ ojú òpó sí lókè Chrome. Ẹ kàn tẹ lẹ́tà kan péré, bíi 'b', Chrome á ti kó gbogbo ohun tó fi 'b' bẹ̀rẹ̀ tẹ́ ẹ ti wò rí jáde. Ojú òpó báńkì wà níbẹ̀. Ojú òpó tẹ́tẹ́ tẹ́ ẹ wò lálẹ́ àná wà níbẹ̀. Oògùn tẹ́ ẹ wá, àìsàn tẹ́ ẹ bi Google léèrè, iléeṣẹ́ míì tẹ́ ẹ fẹ́ kọ̀wé sí nígbà tó jẹ́ pé ọ̀gá yín ló wà nínú ìpàdé náà, Chrome ò mọ èyí tó yẹ kó bò. Ọ̀nà tó rọrùn jù ni kẹ́ ẹ ṣí Chrome ní 'Guest' fún ìpàdé, torí kò sí ìtàn kankan nínú rẹ̀. Bí ìyẹn bá le, ẹ ṣí gbogbo ojú òpó tẹ́ ẹ máa lò sílẹ̀ kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, kó má sí pé ẹ ń tẹ nǹkan kan níwájú èèyàn.

Àwọn olùkọ́ àti àwọn oníwàásù ní tiwọn lọ́tọ̀. PowerPoint máa ń ní ojú méjì: èyí tó wà fún àwọn olùgbọ́, àti èyí tó wà fún ẹni tó ń sọ̀rọ̀, tí àwọn àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà lábẹ́. Tó bá jẹ́ ojú kejì lẹ ṣàfihàn, wọ́n á rí gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ láti fi rán ara yín létí, títí kan ibi tẹ́ ẹ kọ ọ́ sí pé 'ẹ dá wọn lẹ́rìn-ín níbí'.

Ti fóònù le ju ti kọ̀ǹpútà lọ

Púpọ̀ nínú wa, fóònù la fi ń wọ ìpàdé. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù, kò sí pé ẹ ń yan window. Tẹ́ ẹ bá ti tẹ ẹ́, gbogbo ojú fóònù ló ń lọ. Android máa ń kìlọ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ pé gbogbo ohun tó bá hàn lójú fóònù ni áàpù náà máa rí, títí kan password, owó tẹ́ ẹ fẹ́ san, fọ́tò àti àtẹ̀jíṣẹ́. Ta ló ń kà á? 'Start now' ni gbogbo èèyàn ń tẹ̀ lé e. Àwọn fóònù tuntun kan tó ń lo Android 14 sókè ti ń jẹ́ kéèyàn mú áàpù kan ṣoṣo. Tí tiyín bá ní in, òun ni kẹ́ ẹ máa mú.

Ọ̀pọ̀ áàpù báńkì ló ti ṣètò ara wọn débi pé tẹ́ ẹ bá ṣí wọn nígbà tẹ́ ẹ ń ṣàfihàn, dúdú làwọn èèyàn máa rí. Ìyẹn dáa. Ṣùgbọ́n alert báńkì tó bá gba inú SMS wọlé lè má bò mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó lè yọ lókè, kí iye tó wọlé àti iye tó ṣẹ́kù nínú akáǹtì sì hàn ketekete. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ ẹgbẹ́ pé kí wọ́n fún òun sáà díẹ̀ sí i láti san owó ìdá rẹ̀, kí lẹ rò pé á sọ lẹ́yìn ìyẹn?

Nítorí náà, ẹ tan 'Do not disturb' fóònù kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Àti pé, ìwé kan tàbí fọ́tò kan péré lọ̀pọ̀ ìgbà téèyàn fẹ́ fi han ìpàdé. Zoom orí fóònù gbà yín láyè láti mú fọ́tò náà tàbí ìwé náà nìkan láì ṣí ojú fóònù sílẹ̀ rárá. Tẹ́ ẹ bá tẹ 'Share', ẹ wo ìsàlẹ̀ dáadáa, ẹ ó rí 'Photo' níbẹ̀. Ìyẹn tó fún àwòrán rìsíìtì tàbí ìwé ilẹ̀.

Àwọn tó ń wá ojú fóònù yín

Ohun tí a ti ń sọ bọ̀ jẹ́ àṣìṣe. Èyí tó kù yìí, àwọn kan ló ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣètò rẹ̀. Láti oṣù Kẹjọ ọdún 2023 ni WhatsApp náà ti jẹ́ kéèyàn lè ṣàfihàn ojú fóònù nígbà ìpè fídíò, àwọn gbájúẹ̀ ò sì fi àǹfààní yìí ṣeré.

Wọ́n á pè yín, wọ́n á ní báńkì làwọn ti ń pè, pé BVN yín níṣòro tàbí pé akáǹtì yín fẹ́ tì. Ohùn wọn á tutù. Wọ́n á máa pe ìyá àgbà ní "mọ́mì", wọ́n á máa kí wọn kú ọjọ́ mẹ́ta. Lẹ́yìn náà wọ́n á ní kí mọ́mì yí ìpè náà sí fídíò, kí wọ́n tẹ ibi báyìí, kí àwọn lè bá wọn tún un ṣe láti ọ́fíìsì. Nígbà tí ojú fóònù bá ti ṣí tán, àwọn gbájúẹ̀ á gbìyànjú láti wọ akáǹtì náà láti ọ̀dọ̀ tiwọn. Báńkì á fi nọ́ńbà OTP ránṣẹ́ sórí fóònù mọ́mì, nọ́ńbà náà á yọ lókè, wọ́n á sì kà á.

Ẹ rí i pé mọ́mì ò sọ OTP fún ẹnikẹ́ni. Gbogbo ìgbà ni wọ́n ń gbọ́ ọ lórí rédíò pé kí wọ́n má sọ ọ́, wọn ò sì sọ ọ́. Wọ́n kàn jẹ́ kí wọ́n rí i ni. Ibẹ̀ gan-an ni ètekéte náà wà, ibẹ̀ ló sì yẹ kẹ́ ẹ ti là á yé àwọn òbí yín: ẹni tó ń wo ojú fóònù wọn ti gbọ́ gbogbo ohun tí wọn ò sọ. Àwọn míì á ní kẹ́ ẹ lọ gbé AnyDesk tàbí TeamViewer sórí fóònù. Áàpù gidi ni méjèèjì, àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe láti òkèèrè ń lò wọ́n. Kò sí báńkì kankan tó nílò rẹ̀ láti bá oníbàárà yanjú ọ̀rọ̀ akáǹtì.

Tó bá ti ṣẹlẹ̀, ẹ gé ìpè náà lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ pe nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì ATM yín. Ọ̀pọ̀ báńkì ló tún ní kóòdù USSD tí wọ́n fi ń ti akáǹtì pa. Ẹ kọ ti báńkì yín sínú ìwé, ẹ má fi pa mọ́ sórí fóònù yẹn nìkan.

Àwọn èèyàn ńlá náà ṣe é

Kò dìgbà téèyàn bá tẹ 'share' kí ojú ẹ̀rọ tó tú àṣírí. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún 2020, Boris Johnson, tó jẹ́ olóòtú ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, gbé àwòrán ìpàdé ìgbìmọ̀ rẹ̀ lórí Zoom sórí Twitter. Nọ́ńbà ìpàdé náà hàn gedegbe lórí àwòrán ọ̀hún. Nínú oṣù Kọkànlá ọdún yẹn, irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ sí Ank Bijleveld, mínísítà ètò ààbò orílẹ̀-èdè Netherlands. Àwòrán tí wọ́n gbé jáde lórí Twitter rẹ̀ fi nọ́ńbà márùn-ún hàn nínú mẹ́fà tí wọ́n fi ń wọ ìpàdé àwọn mínísítà ètò ààbò ilẹ̀ Yúróòpù. Akọ̀ròyìn kan, Daniël Verlaan ti RTL Nieuws, wá ẹ̀kẹfà kàn, ó sì wọlé. Ó ń juwọ́ sí wọn níbẹ̀, níwájú Josep Borrell tó ń darí ìpàdé. Akọ̀ròyìn ló kàn wọlé, ẹ ò rí i pé orí ló kó wọn yọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ya ojú ìpàdé láti gbé e sórí Facebook ẹgbẹ́, ẹ gé òkè àti ìsàlẹ̀ àwòrán náà kúrò. Ibẹ̀ ni nọ́ńbà ìpàdé àti líǹkì máa ń wà.

Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ ń darí ìpàdé

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2020, àwọn aláìníláárí kan ń já wọ ìpàdé ilé ẹ̀kọ́ àti ti ilé ìjọsìn láti ṣàfihàn àwòrán oníhòòhò. Àjọ FBI ilẹ̀ Amẹ́ríkà kéde ìkìlọ̀ nípa rẹ̀ ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹta ọdún náà. Nígbà tó di oṣù Kẹrin, Zoom sọ passcode àti yàrá ìdúró di ohun tó máa wà ní títàn fúnra rẹ̀. Èyí tó ṣe pàtàkì jù fún ẹgbẹ́ àti ìjọ ni kẹ́ ẹ lọ sí ìṣètò, níbi tí wọ́n ti ń béèrè pé ta ló lè ṣàfihàn, kẹ́ ẹ mú 'Host only'. Ẹni tó bá nílò rẹ̀, á tọrọ àyè. Kò yẹ kí líǹkì ìpàdé àwọn ọmọdé wà lójú Facebook fún gbogbo ayé.

Bó bá ti bọ́ ńkọ́?

Ẹ kọ́kọ́ dá a dúró ná. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń bẹ̀rẹ̀ àlàyé nígbà tí nǹkan náà ṣì wà lójú, "Ẹ má bínú o, ọmọ mi ló ń lò ó," gbogbo èèyàn á sì túbọ̀ máa kà á. Lórí Windows, 'Alt' pẹ̀lú 'S' máa dá Zoom dúró. 'Alt' pẹ̀lú 'T' máa jẹ́ kí àwòrán dúró gbọin níbi tó wà, kẹ́ ẹ lè tún nǹkan ṣe lábẹ́ rẹ̀. Lórí Mac, 'Command', 'Shift' àti 'S' ni. Lórí fóònù, 'Stop Share' tó pupa.

Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ béèrè bóyá wọ́n ń gba ìpàdé náà sílẹ̀. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ohun tẹ́ ẹ rò pé ó kọjá láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta ṣì wà nínú fídíò tí wọ́n máa fi ránṣẹ́ sí àwọn tí ò lè wá. Ẹni tó darí ìpàdé lè gé ibẹ̀ kúrò kó tó pín in, torí náà ẹ kàn sí i kíákíá, ẹ sọ ìṣẹ́jú tó ṣẹlẹ̀ gan-an fún un. Èyí tí ẹnì kan bá ti fi fóònù rẹ̀ yà, ìyẹn ti kọjá agbára rẹ̀.

Password tó bá hàn, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹlòmíì ló hàn, bíi ti ẹni tó jẹ gbèsè yẹn, ẹ pè é lọ́tọ̀ kó tó gbọ́ ọ lẹ́nu aládùúgbò, kẹ́ ẹ sọ ohun tí àwọn èèyàn rí gan-an fún un, ẹ má dín in kù. Iléeṣẹ́ àti ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn èèyàn tún ní ojúṣe lábẹ́ òfin ìdáàbòbò dátà tí wọ́n buwọ́ lù ní Nàìjíríà ní oṣù Kẹfà ọdún 2023: tí ohun tó tú náà bá lè pa ẹni tó ni ín lára, wákàtí 72 péré ni wọ́n ní láti fi tó àjọ tó ń rí sí dátà, ìyẹn NDPC, létí. Láti ìgbà tí wọ́n bá ti mọ̀ nípa rẹ̀ ni wọ́n ti ń ka wákàtí náà.